Ẹsẹ̀ Ẹ̀rọ Adelé: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ó Gùn Tó

Bí ènìyàn bá dúró sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ìkòròdú, tí ó sì fara balẹ̀ wo ìdí àwọn ọkọ̀ ojú omi tí a so mọ́ èbúté, ó lè rí ọkọ̀ tí a gbé ẹ̀rọ méjì kọ́ ní ìdí. Ọ̀kan tóbi, òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èkejì kéré, a sì máa ń yí i sókè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan omi nígbà tí kò sí iṣẹ́ fún un. Èkejì yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Adelé ni. Bí ọba bá wàjà, adelé ni yóò máa ṣe àkóso títí ìlú yóò fi rí ọba mìíràn. Bí ẹ̀rọ ńlá bá dákẹ́ láàrin omi, ẹ̀rọ kékeré yìí ni yóò gbé èrò àti ẹrù dé ilẹ̀. Ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ó dára. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí atẹ́gùn ń jà, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí omi sì ń gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ lọ.

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìbéèrè tí ó sábà máa ń bèèrè kò ju díẹ̀ lọ. Èló ni? Agbára rẹ̀ tó mélòó? Ṣé kì í mu epo jù? Ṣé tuntun ni tàbí àlòkù? Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ni ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí bèèrè: báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó, ǹjẹ́ gígùn náà sì bá ìdí ọkọ̀ tí a fẹ́ gbé e kọ́ mu? Ènìyàn lè ra ẹ̀rọ tí ó lágbára, tí ó sì jẹ́ tuntun, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má lè dúró nínú omi ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ẹsẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ pín sí. Lókè ni orí rẹ̀ wà, níbi tí epo ti ń jó tí agbára sì ti ń jáde. Nísàlẹ̀ pátápátá ni abẹ̀bẹ̀ wà, èyí tí ń yí nínú omi tí ó sì ń ti ọkọ̀ lọ síwájú. Ẹsẹ̀ ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, ọ̀pá irin kan sì gba inú rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun ni ó ń gbé agbára láti orí lọ fún abẹ̀bẹ̀. Àwọn Òyìnbó fi orúkọ ọ̀pá tí ó fara pamọ́ yìí pe gígùn ẹ̀rọ: bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ kan jẹ́ ọlọ́pàá kúkúrú, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rí ọ̀pá náà. Ẹsẹ̀ ni ojú ń rí, ẹsẹ̀ náà ni ó sì wọnú omi, nítorí náà kò sí ìdí tí Yorùbá fi gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀, torí pé òun ni gbogbo ìwọ̀n ń tọ́ka sí. Ní òkè abẹ̀bẹ̀ díẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan yọ jáde lára ẹsẹ̀, ó sì nà sẹ́yìn bí ìbòrí lórí abẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé a fi í síbẹ̀ kí ènìyàn lè rí ibi gbá mú nígbà tí ó bá ń gbé ẹ̀rọ. Rárá o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ fa afẹ́fẹ́ láti ojú omi sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá abẹ̀bẹ̀. Omi wúwo, abẹ̀bẹ̀ lè tì í; afẹ́fẹ́ kò ní ohun tí abẹ̀bẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ tì.

Ẹ̀rọ yìí kò tíì pẹ́ láyé púpọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ole Evinrude, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Norway ní 1877, tí àwọn òbí rẹ̀ sì kó wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tà á lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ìlú Milwaukee ní 1909. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ní 1906, ó wa ọkọ̀ àjẹ̀ kọjá adágún omi kan nínú oòrùn láti lọ ra áísìkírímù fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kí ó sì tó wà á padà dé, ó ti yọ́. Bóyá áísìkírímù ni ó fa gbogbo rẹ̀ tàbí òun kọ́, kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni ó tàn kálẹ̀. Orúkọ Evinrude wà lára ẹ̀rọ títí di 2020 tí ilé iṣẹ́ tí ó ni ín dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró.

Bí ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ ní oríṣiríṣi, tí àwọn kan kúrú ní ìdí tí àwọn mìíràn sì ga, ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo wọn mu. Lónìí, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ kúkúrú jẹ́ ínṣì 15, èyí tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 38. Ẹsẹ̀ gígùn jẹ́ ínṣì 20, tàbí sẹ̀ǹtímítà 51. Èyí tí ó tún gùn jù ú lọ jẹ́ ínṣì 25, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 64. Ọkọ̀ òkun ńláńlá ni ó sábà máa ń lo èyí tí ó jẹ́ ínṣì 30. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń sàmì sí wọn lára ẹ̀rọ: S fún kúkúrú, L fún gígùn, X fún èyí tí ó gùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àmì yìí kì í rí bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ méjì tí ó sì ń jẹ́ orúkọ kan náà lè fi ínṣì kan yàtọ̀ síra. Tépù ni kí ènìyàn gbà gbọ́.

Ibo ni kí a ti wọ̀n ọ́n? Lára ẹ̀rọ, a ó wọ̀n ọ́n láti abẹ́ irin ìgbékọ́, níbi tí ó ti máa ń jókòó lórí pátákó ìdí ọkọ̀, sọ̀kalẹ̀ tààrà dé irin pẹlẹbẹ tí ó wà ní òkè abẹ̀bẹ̀. Lára ọkọ̀, a ó wọ̀n ọ́n láti etí òkè pátákó ìdí dé ibi tí abẹ́ ọkọ̀ parí sí. Bí a bá gbé ẹ̀rọ kọ́ tán, irin pẹlẹbẹ náà gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú abẹ́ ọkọ̀, tàbí kí ó fi bí ínṣì kan rẹlẹ̀ jù ú lọ. Òfin ẹ̀rọ ńlá nìyí, èyí tí ń sáré. Òfin adelé yàtọ̀ sí i díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ apẹja kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra ẹ̀rọ kékeré tí a ti lò rí, inú rẹ̀ dùn nítorí owó pọ́ọ́kú ni ó rà á, ó sì gbé e tọ àgbàlagbà tí ó kan ọkọ̀ fún ìdílé wọn lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Òo, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní o ti ra ẹ̀rọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Agbára ẹṣin mẹ́jọ ni. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ńlá.”

“Kí o tó rà á, ta ni ó wọn ìdí ọkọ̀?”

“A kò wọ̀n ọ́n, Bàbá. Ẹni tí ó tà á fún mi ní kò sí ọkọ̀ tí kò bá mu.”

“Ṣé òun ni yóò jókòó tì yín nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ ńlá bá dákẹ́?”

Bàbá mú tépù. Ní àárín ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ńlá wà, ó bá ínṣì 20. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ gbé adelé kọ́, ó bá ínṣì 17, nítorí pé abẹ́ ọkọ̀ náà ṣe ṣóńṣó ní àárín, ó sì ń ga sókè bí ó ti ń lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ alábẹ́ pẹlẹbẹ ni, ìwọ̀n kan náà ni ìbá bá ní ibi méjèèjì. Ó wá wọn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà: ínṣì 15.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé ínṣì méjì kò tó nǹkan. Ní etí èbúté, níbi tí omi ti pa rọ́rọ́, kò tó nǹkan lóòótọ́. Wọn yóò tan ẹ̀rọ náà, ọkọ̀ yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ọkọ̀ kan náà lọ sí àárín ọ̀sà. Ẹ̀rọ ńlá ti dákẹ́. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, ìgbì tí ó dá sílẹ̀ sì ń bọ̀. Ènìyàn méjì sáré lọ sí iwájú ọkọ̀ láti fa ìdákọ̀ró sókè. Bí ìwúwo wọn ti lọ síwájú, ìdí ọkọ̀ gbéra sókè. Ìgbì náà dé, ó tún gbé e sí i, ọkọ̀ sì fì sí ọ̀tún. Adelé wà ní òsì. Ìdí tí ó gbéra àti ẹ̀gbẹ́ tí ó gbéra pàdé ní ibi kan ṣoṣo tí a gbé adelé kọ́, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì yọ jáde kúrò nínú omi.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò figbe ta. Kò sí omi tí ó ń dá abẹ̀bẹ̀ dúró mọ́, gbogbo inú rẹ̀ á wá máa sáré ju bí a ti ṣe é pé kí ó máa sáré lọ. Bí abẹ̀bẹ̀ bá tún padà wọnú omi, yóò ti mú afẹ́fẹ́ dání, yóò máa yí nínú fóòmù, ọkọ̀ kò sì ní lọ síwájú. Kí ó tó rí omi gidi dì mú, ìgbì mìíràn ti dé. Ohun tí ó tún burú jù ú lọ kò ṣeé rí lójú. Nínú ẹsẹ̀ náà, ní ìtòsí abẹ̀bẹ̀, àwọn ihò kéékèèké wà tí ẹ̀rọ fi ń fa omi sókè láti fi tu ara rẹ̀ lára. Rọ́bà ni ohun tí ó ń fa omi náà, omi náà ni kò sì jẹ́ kí rọ́bà yìí gbóná. Bí ihò bá ń fa afẹ́fẹ́, kì í pẹ́ rárá kí rọ́bà náà tó bàjẹ́, ẹ̀rọ yóò sì gbóná títí yóò fi dákẹ́. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ méjì ti di ọkọ̀ tí kò ní ẹyọ kan.

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní àdúgbò Èkó, nígbà tí omi ọ̀sà bá ń ṣàn jáde lọ sí òkun, ó máa ń gbé ohun tí kò lágbára lọ. Ọkọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú ní ìtòsí afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n ṣí ní 1990, lè bá ara rẹ̀ níbi tí omi ti ń tì í lọ bá òpó afárá. Àjẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ ńlá tí ó kún fún èrò dúró. Ẹ̀wù amúniléfòó ṣe pàtàkì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ torí pé ẹ̀rọ méjì wà nínú ọkọ̀ kí ó bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sàn kí ọ̀rọ̀ má dé ibẹ̀.

Nítorí náà ni Bàbá fi sọ pé ẹsẹ̀ ínṣì 20 ni ó tọ́ sí ibi ìwọ̀n ínṣì 17 náà. Irin pẹlẹbẹ yóò fi ínṣì mẹ́ta rẹlẹ̀ ju abẹ́ ọkọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá ni, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò ní ó ti jù, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ jù a máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó bá ń sáré, a máa ta omi sókè, a sì máa jẹ́ kí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ wúwo. Adelé kì í sáré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ọkọ̀ tí ó wúwo lọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ńlá bá sì ń ṣiṣẹ́, òkè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wà. Ìpalára tí gígùn lè ṣe fún ẹ̀rọ ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Bí ìwọ̀n bá bọ́ sí àárín méjì, èyí tí ó gùn ni kí a mú fún adelé. Ohun tí ó mú kí àwọn tí ń lo ọkọ̀ onígbòkun fẹ́ràn ẹsẹ̀ ínṣì 20 tàbí 25 nìyẹn: ọkọ̀ wọn ga ní ìdí, ó sì máa ń fì púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn kò ju adelé fún atẹ́gùn lọ.

Èyí kò wá sọ pé bí ẹsẹ̀ bá ti ń gùn ni ó ń dára sí i. Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà wa ni kò jìn. Ẹsẹ̀ tí ó gùn jù yóò gbá yanrìn tàbí kùkùté kí ẹsẹ̀ kúkúrú tó mọ̀ pé ilẹ̀ wà nítòsí, yóò sì tètè kó sínú àwọ̀n àwọn apẹja. Láti 1984 tí ewéko orí omi olódòdó àlùkò ti wọ ọ̀sà láti ìhà Àgbádárìgì ni àwọn atukọ̀ ti ń bá a jà. Bí ó bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, àfi kí wọ́n yí ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e kúrò, ẹsẹ̀ gígùn kò sì rọrùn láti nawọ́ gán nínú ọkọ̀ tí ó ń fì. Kí a tó ra ẹsẹ̀ gígùn, ó yẹ kí a tún wò ó bóyá, bí a bá yí i sókè tán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò kúrò nínú omi pátápátá, àti pé ẹ̀rọ ńlá kò ní máa gbá a nígbà tí a bá ń yí ọkọ̀.

Ẹni tí ó ti ra ẹsẹ̀ kúkúrú ńkọ́? Àtúnṣe tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn àwọn kan ni láti gé pátákó ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè rẹlẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Pátákó yẹn ni ògiri tí ó dá omi dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Bí a bá gé e, ìgbì tí ó bá ti ẹ̀yìn wá yóò rí ọ̀nà wọlé, orí ẹ̀rọ pàápàá yóò sì sún mọ́ omi. Èyí tí ó dára ju ìyẹn lọ ni irin ìgbékọ́ alágbèérìn, èyí tí a máa ń fi bóòtì dè mọ́ ẹ̀yìn pátákó, tí a lè tì sísàlẹ̀ nígbà iṣẹ́ kí a sì fà sókè lẹ́yìn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbékọ́ yìí gbọ́dọ̀ lè gbé ìwúwo ẹ̀rọ, ó sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀: bí ibi tí ẹ̀rọ jókòó sí lórí rẹ̀ bá fi ínṣì márùn-ún ga ju etí pátákó lọ, ibi tí a wọ̀n ní ínṣì 17 ti di ínṣì 22, ẹsẹ̀ ínṣì 20 náà kò sì tó mọ́. Kí a gbé ìgbékọ́ náà sí ipò tí yóò ti ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀, kí a sì ti ibẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ní ti ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ gùn jù, tirẹ̀ rọrùn. Igi líle tí a kàn mọ́ orí pátákó dáadáa yóò gbé e sókè ní ìwọ̀n tí ó bá fẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ àlòkù, kí ẹni tí ó bá lọ sí ọjà má gbé lẹ́tà tí ó wà lára ẹ̀rọ lé orí. Mẹkáníìkì lè ti bọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan fún òmíràn, lẹ́tà àtijọ́ á sì ṣì wà lára rẹ̀. Kí ó mú tépù lọ́wọ́, kí ó sì ti kọ ìwọ̀n ìdí ọkọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó kúrò nílé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa dá ẹ̀rọ padà, ó fi owó díẹ̀ kún un, ó sì gba ẹlẹ́sẹ̀ ínṣì 20. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ tán, Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n dán an wò ní etí èbúté. Ó ní kí wọ́n wà á lọ síta díẹ̀, kí wọ́n pa ẹ̀rọ ńlá, kí wọ́n yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì tan adelé. Ó rán ènìyàn mẹ́ta lọ sí iwájú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n dúró sí apá ọ̀tún. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ, ó fi ojú sí omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń tú jáde lára rẹ̀, nítorí pé omi yẹn ni ẹ̀rí pé ihò ìsàlẹ̀ ń rí omi fà, ó sì fi etí sí ohùn rẹ̀. Ọkọ̀ kan kọjá ní òkèèrè, ìgbì rẹ̀ dé, ìdí ọkọ̀ gbéra, ó sì padà sílẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ kò yí padà. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò já. Bàbá ní kí àwọn tí ó wà níwájú wá jókòó, ó sì yí orí ọkọ̀ sí èbúté.